Agolo Pupa Ni Dáwódù

Ọjọ́ tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, agolo ọ́ìlì ló kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí mo dùbúlẹ̀ lé fọ́fọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Obìnrin ń rọbí, ọmọ dábùú nínú rẹ̀, lọ́rì wà lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ rẹ̀ ni awakọ̀ lọ́rì, ọ́ìlì wà lábẹ́ ibi tó sùn sí, wọ́n wá ní lọ́rì kò ní gbéra nítorí pé kò sí ọ́ìlì! Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún yín, ẹ ó ní irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́. Èmi ni obìnrin náà, mo ṣì wà láàyè, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọ́ìlì ni mò ń tà ní Ìyànà Ọ̀fà nígbà náà, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Kẹrosíìnì ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọjà títà. Nígbà tó yá, àwọn kan wá láti Ìbàdàn, wọ́n ní kí n máa bá àwọn ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, wọ́n sì ri pátákó ńlá kan mọ́lẹ̀ síwájú ìsọ̀ mi. N kò ní pe orúkọ wọn. Pátákó yẹn ti polówó wọn tó. Lágbègbè wa, ta ló tilẹ̀ ń pe orúkọ ọ́ìlì? Àwọ̀ agolo la fi ń mọ̀ wọ́n. Alágolo pupa wà, alágolo aró wà, alágolo funfun wà. Tèmi ni aláwọ̀ ewé, eléwé ni gbogbo àwọn awakọ̀ sì ń pè é.

Abúlé àwọn ọkọ mi ni à ń gbé, nínú oko lọ́hùn-ún. Tí ẹ bá ya kúrò lójú títì ní Ìyànà Ọ̀fà, ẹ ó rìn títí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara yín pé kí lẹ wá ṣe. Òrùlé ìsọ̀ mi ń jò, olè sì wà, nítorí náà ilé ni mò ń kó agolo mi wá, mo sì ń tò wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi, ẹni jẹ́jẹ́, sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé yàrá wa ń rùn bí ìsọ̀ mẹkáníìkì. Mo ní bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó lọ sùn sínú lọ́rì. Kò sọ ọ́ mọ́.

Bàbá ọkọ mi ló ni lọ́rì yẹn. Àgbẹ̀ oníkòkó ni wọ́n, mùsùlùmí òdodo tí kì í fo ìrun kankan, ènìyàn dáadáa. Ìjọ Aládùúrà ni èmi ń lọ, síbẹ̀, bí Iléyá bá dé, Bàbá ni yóò fọwọ́ ara wọn mú itan àgbò tí wọ́n yọ sọ́tọ̀ fún mi wá. N kò rí wọn kí wọ́n na ọmọ ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n olórí kunkun! Bí Bàbá bá ti di ọ̀rọ̀ kan mú, ẹ lọ wá nǹkan míì ṣe.

Wọ́n kúkú ní ìdí. Lọ́rì tí wọ́n kọ́kọ́ ní, ọ́ìlì àlòkù ló pa á. Ẹnì kan ló ń bù ú tà láti inú dúrọ́ọ̀mù lẹ́bàá ọ̀nà, ọ́ìlì tí kò ní agolo, tí kò ní nọ́ńbà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá. Lójú ọ̀nà Ẹgbẹ́dá ni ẹ́ńjìnì ti kígbe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bá dákẹ́. Ata àti tòmátì àwọn ènìyàn jẹrà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn ọmọdé sì fi lọ́rì náà kọrin títí ó fi sú àwọn gan-an. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tí Bàbá wá ra lọ́rì kejì, tuntun ní tòótọ́, wọ́n gbé ìwé tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n ní kí ọkọ mi jókòó kí ó ka gbogbo rẹ̀, kí ó má fo ohunkóhun.

Ọkọ mi kà á. Ó ń ka òyìnbó, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá, Bàbá ń mi orí. Ó dé ibi ọ́ìlì. Ìwé sọ pé ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ọ́ìlì nọ́ńbà ọgbọ̀n ni kí á dà sí i, kí ó sì jẹ́ irú èyí tó lè gba iṣẹ́ líle, lẹ́tà méjì kan báyìí ni wọ́n máa ń kọ sí ara agolo láti fi hàn. Ó ní èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí ló dára. Ó wá dárúkọ ọ́ìlì márùn-ún. Alágolo pupa ló ṣáájú, aró tẹ̀lé e, funfun tẹ̀lé aró, eléwé tèmi ṣe ìkẹrin, ọ̀kan tí wọn kì í tà lágbègbè wa ló kẹ́yìn.

Bàbá ní, "Dúró. Ta lo ní wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ?"

"Alágolo pupa ni, Bàbá."

"Ó parí. Òun ni dáwódù."

Ẹ wò ó, ẹ má fi Bàbá ṣẹ̀sín. Irú ilé tí wọ́n ti bí wọn nìyẹn, irú ilé tí wọ́n ti bí èmi náà nìyẹn. Bí wọ́n bá ń pín ẹran, àgbà ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Bí ìyàwó bá ń kí àwọn ará ilé, ẹni tó bá kọ́kọ́ kí ni àgbà, bó bá kí àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n, ìjà ọdún mẹ́ta nìyẹn. Bàbá ní òyìnbó tó ní làákàyè tó ṣe lọ́rì kò lè ya wèrè débi tí yóò fi pe àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ náà, alágolo pupa nìkan ni lọ́rì wa ń mu.

Èmi ìyàwó ilé, tí mo ń ta eléwé! Ọ̀tá mi lọ́jà, obìnrin kan tí ìsọ̀ rẹ̀ dojú kọ tèmi ní òdìkejì títì, òun ló ń ta pupa. Bàbá yóò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, wọn yóò ra agolo pupa, wọn yóò gbé e sábẹ́ abíyá, wọn yóò sọdá títì wá kí mi. "Ìyàwó, o kú ọjà o." Èmi yóò kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Bàbá, ẹ kú àbọ̀." Mo ń rẹ́rìn-ín, eyín mi sì ń pa kẹ̀kẹ̀. Obìnrin òdìkejì á máa wò mí, á sì máa tún gèlè rẹ̀ wé. Ṣebí ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn? Ìdí mi kò ha tó ìlẹ̀kẹ̀ ni?

Mo gbìyànjú o. Mo gbé agolo pupa kan àti eléwé kan sórí ẹní níwájú Bàbá, mo fi ìka tọ́ ọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára eléyìí. Ẹ wo tèkejì. Ọ̀kan náà ni. Ẹ wo lẹ́tà méjì yìí, àwọn tí ìwé mọ́tò bèèrè. Ó wà níbí, ó wà lọ́hùn-ún."

Bàbá tẹ̀ ba, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n tún yí agolo wò lábẹ́. Wọ́n ní, "Òótọ́ ni, ìyàwó. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ̀gbọ́n?"



Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìbàdàn, sọ́dọ̀ àwọn tó ta lọ́rì fún wa. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ikùn mú. Ó ní ẹnu kan kò lè pe orúkọ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣáájú, ọ̀kan gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Ó ní ohun tí ilé iṣẹ́ ń wò ni nọ́ńbà àti irú ọ́ìlì, àwọn márààrún ló sì yege. Mo sáré délé, mo rò ó fún Bàbá. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ọjà ni ọkùnrin yẹn ń tà."

"Kì í ta ọ́ìlì, Bàbá! Lọ́rì ló ń tà!"

"Ọjà náà ni lọ́rì. Ìwọ náà, ọjà lò ń tà. Ẹni tó ń tajà kì í jẹ́rìí lórí ọjà."

Mo dìde, mo lọ gún iyán. Àwọn ará ilé ní iyán ọjọ́ náà kúnná ju ti ìgbàkígbà lọ.

Ó wá di ìgbà tí mo lóyún. Ikùn mi tóbi débi pé n kò rí ẹsẹ̀ ara mi mọ́. Oyún wọ oṣù rẹ̀, lọ́rì náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í jo ọ́ìlì lábẹ́, díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọkọ mi fa géèjì, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yọ láàárọ̀, ọ́ìlì ti wálẹ̀ kọjá ilà. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìyànà Ọ̀fà, pupa ti tán níbẹ̀. Obìnrin òdìkejì ní ọkọ̀ tó ń kó o wá láti Ìbàdàn kò wá lọ́sẹ̀ náà. Bàbá ní kí wọ́n gbé lọ́rì kalẹ̀ títí pupa yóò fi dé. Ẹsẹ̀ ni Bàbá fi rìn lọ kí ìrun Jímọ̀, wọ́n fi rìn bọ̀, eruku bò wọ́n dé orúnkún.

Mo rẹ́rìn-ín! Ẹ gbọ́, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń jẹ ẹ̀pà, mo rí Bàbá tí wọ́n ń bọ̀ lókèèrè, mo sì rẹ́rìn-ín sínú aṣọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn. Dáwódù kò tíì dé?" Wọ́n ní, "Kò tíì dé, ìyàwó." N kò tíì gbé ẹ̀pà tó kàn sẹ́nu tí nǹkan fi fà mí nídìí láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Mo di òpó ilé mú.

Ìrọbí dé.

Wọ́n sáré pe ìyá agbẹ̀bí ìjọ wa, obìnrin arúgbó kan tó ti gbẹ̀bí ìdajì abúlé náà. Ó wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ àti omi àdúrà rẹ̀, ó ń kọrin. Ó fi ọwọ́ yẹ ikùn mi wò. Orin dúró. Ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rí ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú.

Ó ní, "Ọmọ yìí dábùú. Àdúrà wà, a ó máa gbà á lọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà náà ló dá nọ́ọ̀sì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn n'Ìbàdàn kí oòrùn tó wọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò lè ṣèlérí ìyá, n kò lè ṣèlérí ọmọ."

Ẹ̀rù bà mí. N kò ní purọ́ fún yín. Àbúrò ìyá mi kú lórí ìkúnlẹ̀, èmi ni mo gbé omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Mo fi ojú inú rí i lọ́jọ́ náà bí ẹni pé ó dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo sọ fún Ọlọ́run pé bí ó bá jẹ́ torí ẹ̀rín ọ̀sán yẹn ni, n kò ní rẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́rì wa nìkan ni ọkọ̀ tó wà ní gbogbo abúlé yẹn. Títì jìnnà, kẹ̀kẹ́ ológeere kò sì lè gbé aboyún tí ọmọ dábùú nínú rẹ̀. Fèrèsé yàrá mi kọjú sí ibi tí lọ́rì wà, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ni mò ń gbọ́.

Ọkọ mi ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá ní, "Lórí ọ́ìlì tó ti kọjá ilà? Ẹ́ńjìnì á kú láàárín igbó, ìyàwó á wà níbẹ̀, kò sí nílé, kò sí n'Ìbàdàn. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

Òótọ́ ni Bàbá sọ, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù.

Ọkọ mi ní, "Eléwé wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀."

Bàbá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bó bá tún jẹ́ irú èyí tó pa tàkọ́kọ́ ńkọ́? Tí ó bá pa á lójú ọ̀nà, pẹ̀lú ìyàwó nínú rẹ̀?"

Mo gbọ́ ohùn wọn. Ẹ̀rù ń ba àgbàlagbà náà gidigidi. Àánú wọn ì bá ṣe mí, ṣùgbọ́n ara ń ni mí.

Mo kígbe láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá!"

"Ìyàwó, pẹ̀lẹ́ o."

"Ẹ má kí mi ní pẹ̀lẹ́! Lọ́dún tí ẹ lọ dá oko kòkó sí ìhà Oǹdó, tí ẹ kò wálé títí òjò fi tán, ta ló ń dáhùn fún ilé yìí?"

"Àbúrò mi ni."

"Ṣé ilé wó?"

"Kò wó."

"Ó dáa! Ẹ̀gbọ́n kò sí nílé lónìí. Ẹ jẹ́ kí àbúrò dáhùn!"

Ìyá agbẹ̀bí ní, "Haleluyáà." Mo gbọ́ tí Bàbá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Òótọ́ lo sọ, ìyàwó. Ọgbọ́n ń bẹ nínú rẹ." Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ tí mo máa ró. Wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n àbúrò tó tẹ̀lé e gan-an ló ń dáhùn. A kì í fo ènìyàn. Alágolo aró ńkọ́?"

Yéè! Igbe tí mo ké, wọ́n ní àwọn tó wà lóko gbọ́ ọ. Ìyá agbẹ̀bí rò pé orí ọmọ ló ti dé, ó sáré kúnlẹ̀ síwájú mi. Mo ní kì í ṣe orí ọmọ, orí bàbá ọkọ mi ni.

Bàbá rán ọkọ mi lọ sí abúlé kejì lórí kẹ̀kẹ́, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ ìlọta, nítorí pé aró ló máa ń dà sí i. Kò sì sí bí ọmọ á ṣe sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun kò lọ. Ó lọ. Ní gbogbo ìgbà tó fi lọ, ara mi ń já jálajàla, ìyá agbẹ̀bí ń fi omi àdúrà nù mí lójú, mo sì ń ka àwọn agolo tó wà lábẹ́ mi ní àkàtúnkà bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà. Ọkọ mi padà dé, òógùn bò ó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Aró ti tán lọ́dọ̀ rẹ̀, Bàbá. Ó ní eléwé ni òun ń lò báyìí. Ọwọ́ ìyàwó mi ló ti rà á, ẹ̀rọ náà sì ń lọ ata."

Bàbá ní, "Ẹ̀rọ ata nìyẹn." Wọ́n ronú díẹ̀. "Ó kan aláwọ̀ funfun."

Ibẹ̀ ni sùúrù ìyá agbẹ̀bí ti tán. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa agolo eléwé kan jáde, ó jáde bọ́ sóde pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Mo gbọ́ tí agolo náà balẹ̀ gbì. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin kì í ṣe ìjọ tiwa, ṣùgbọ́n Yorùbá ni yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́! Orí ọmọ yìí ń wọ́ níbẹ̀ yẹn, àgbà sì wà lórí ìjókòó tó ń ka agolo! Funfun dà? Ta ló rí funfun ní gbogbo agbègbè yìí láti ìgbà òjò?"

Kò sí ẹni tó ti bá Bàbá sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Bàbá wò ó. Wọ́n wo agolo náà. Wọ́n ní, "Kò sí pupa, kò sí aró, kò sí funfun. Ó ti wá kan eléwé ní tòótọ́." Bí ẹni pé láti ìlú òkèèrè ni ọ̀rọ̀ náà ti dé bá wọn.

Ọkọ mi ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti lu agolo níhò. Bàbá ní, "Dúró." Mo fi ìrọ̀rí bo ojú mi.

Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n ṣì kù díẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Àbúrò kì í já wọ yàrá tí ẹ̀gbọ́n wà láìtọrọ àyè." Mo gbé orí sókè wo ojú fèrèsé. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́ iwájú lọ́rì, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ń sọ ọ́ sínú ẹ́ńjìnì pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ilé ló dà rú. Àbúrò yín ń bọ̀ wá bá yín ru ẹrù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún un."

Mo kígbe pé, "Ṣé ó ti dá yín lóhùn?"

Bàbá ní, "Ó ti sún." Ọkọ mi bá da eléwé sí i.

Wọ́n tẹ́ àpò kòkó sí ẹ̀yìn lọ́rì, wọ́n gbé mi lé e, ìyá agbẹ̀bí di ọwọ́ mi mú. Bàbá ní ẹ̀yìn ni àwọn náà máa jókòó, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ti lè gbọ́ ẹ́ńjìnì dáadáa. Wọ́n lẹ etí mọ́ pákó tó wà láàárín wa àti awakọ̀. Bí lọ́rì bá ti gun òkè, wọn yóò gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́ ná! Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn rẹ̀." Èmi tí mò ń rọbí ni wọ́n ń sọ pé kí n dákẹ́! Mo bú ẹ́ńjìnì náà, mo bú òyìnbó tó ṣe é, mo bú ìwé tó bá a wá, mo bú agolo pupa, mo bú eléwé tí mo ń jẹun nídìí rẹ̀. Bàbá nìkan ni n kò bú, mo sì ń retí èrè rẹ̀ lọ́run títí dòní.

A dé Olódò, ó kù díẹ̀ ká wọ Ìbàdàn. Bàbá lu pákó, wọ́n ní kí ọkọ mi dúró kí àwọn yẹ géèjì wò. Ọkọ mi, ẹni jẹ́jẹ́, tí kò ṣàìgbọràn sí bàbá rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, tẹ iná mọ́lẹ̀. Lọ́rì fò. Bàbá ṣubú lé àpò kòkó. Wọn kò sọ pé ká dúró mọ́ títí a fi dé Ìbàdàn, èmi sì mọ̀ nígbà náà pé ènìyàn gidi ni mo fẹ́.

Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nílé ìwòsàn, n kò mọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé oòrùn kò tíì wọ̀ tán nígbà tí mo gbọ́ ẹkún ọmọ kan. Obìnrin ni. Mo ní ìyà ti tán. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ má tíì sùn, ẹnì kan ṣì kù." Ọkùnrin tẹ̀lé e. Ìbejì! Ikùn tí wọ́n ní ọmọ kan ló dábùú nínú rẹ̀! Mo sunkún bí ọmọ kékeré, mo ń sọ fún Ọlọ́run pé ó ṣé, ó ṣé, ó ṣé. Nígbà tí wọ́n jáde lọ sọ fún Bàbá, wọ́n ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwòsàn níbẹ̀ ni wọ́n ti forí kanlẹ̀, tí wọn kò sì tètè gbé e sókè. Wọn kò sunkún nígbà tí lọ́rì wọn kú. Ọjọ́ náà ni ọkọ mi kọ́kọ́ rí omijé bàbá rẹ̀.

Lọ́rì náà fi eléwé gbé wa padà sílé nígbà tí ara mi yá, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń dún gẹ́lẹ́ bó ṣe ń dún tẹ́lẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ojú Bàbá ti rí i. Mo ti ń ṣírò ọjọ́ tí Bàbá yóò sọdá títì pẹ̀lú agolo mi lábẹ́ abíyá wọn, àti bí ojú obìnrin òdìkejì yóò ṣe rí.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Ilé kún. Àlejò kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo àwọn ọmọ, ó ní, "Èwo ni ẹ̀gbọ́n níbí?"

Bàbá ní, "Ọkùnrin ni. Obìnrin ló kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ló rán an ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Ẹni tó kẹ́yìn ni..."

Wọ́n dúró. Ẹnu wọn ṣì là. Mo rí i tí nǹkan kan ń gòkè bọ̀ lójú wọn. Wọ́n pe ọkọ mi láàárín àlejò. Wọ́n ní, "Gbé ìwé mọ́tò wá."

"Nísinsìnyí, Bàbá?"

"Nísinsìnyí. Ta ni wọ́n dárúkọ kẹ́yìn níbẹ̀?"

Ọkọ mi wò mí, mo wò ó. Ó ní, "Alágolo ìyeyè ni, Bàbá."

Bàbá lu itan. "Háà! A ti ṣì í láti ọjọ́ yìí! Ìyeyè ni ẹ̀gbọ́n! Òun ló rán pupa ṣáájú!"

Ọmọ kan wà lọ́mú ọ̀tún, ọ̀kan wà lọ́mú òsì, n kò ní ọwọ́ tí mo lè ká lérí. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé mi, ibi tí nọ́ọ̀sì fi òwú rán lára mi sì ń dùn mí bí mo ti ń rín in. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun. Ìwé ní èyíkéyìí!"

Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n fi ọwọ́ kan orí ọmọ ọkùnrin, wọ́n fi kan ti obìnrin, wọ́n wá fi kan tèmi náà. Ohùn wọn rọ̀. "Mo gbọ́, ìyàwó. N kò ní gbàgbé ohun tí eléwé ṣe fún wa. Títí ẹ̀gbọ́n yóò fi dé, kí tìrẹ ṣe adelé."

Ìyeyè kò dé o. N kò rí agolo rẹ̀ rí, ní Ìyànà Ọ̀fà tàbí n'Ìbàdàn. Àwọn ìbejì rìn, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n wọ ilé ìwé, adelé ṣì wà lórí oyè, lọ́rì ṣì ń kó kòkó. Oṣooṣù ni Bàbá ń sọdá títì wá sí ìsọ̀ mi, wọn yóò rọra bèèrè bóyá mo gbúròó ẹ̀gbọ́n. Èmi yóò kúnlẹ̀ dáadáa, n ó ní, "Wọ́n ní ó wà lọ́nà, Bàbá." N ó sì bi wọ́n pé agolo mélòó ni adelé fẹ́ lóṣù yìí.